Ọ́ìlì Jíà Àlàájì Láwàlì

Abdulkabir wà lábẹ́ ọkọ̀, ó ń tú nọ́ọ̀tì ìdí jíà, nígbà tó rí ẹsẹ̀ méjì tó wá dúró tì í. Aró ti wọ èékánná àtàǹpàkò méjèèjì. Ẹsẹ̀ náà kò sún.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jókòó síbi ibòji," ó ní. "Ọ́ìlì á ta sí yín láṣọ."

"Mo fẹ́ rí i bó ṣe ń jáde," obìnrin náà fèsì. "Ẹni tó ṣe é kẹ́yìn ní òun pààrọ̀ rẹ̀. Kò tú nọ́ọ̀tì kankan."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó kí n tó gbé e wá. Eruku tó wà lára nọ́ọ̀tì yẹn ti tó ọdún mẹ́ta."

Abdulkabir rẹ́rìn-ín. Ó tú nọ́ọ̀tì náà tán. Ọ́ìlì tó jáde dúdú, ó sì ń rùn bí ohun tó jóná. Obìnrin náà ti ìka bọ̀ ọ́, ó gbé e sí imú.

"Ṣé ẹ máa tọ́ ọ wò ni?"

"Bí ẹ̀yin bá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."

Lubabah lorúkọ rẹ̀. Àdìrẹ ló ń tà ní Ìtokú. Sìlífátù ìyá rẹ̀ ló ń pa á láró ní ẹ̀yìnkùlé wọn ní Kemta. Mẹkáníìkì mẹ́ta ti rẹ́ Lubabah jẹ, kò sì fọkàn tán ẹnikẹ́ni tó bá di sípánà mú.

Abdulkabir gbé kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì tuntun jáde, ó ní kó já ìdè ọmọrí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó ṣe ń ṣe fún gbogbo èèyàn nìyẹn níbi iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn Ṣàpọ́n. Ọlọ́kọ̀ ló ń já kẹ́ẹ̀gì, ọlọ́kọ̀ ló sì ń dúró títí wọ́n á fi dà á tán. Ẹni tí kò bá ráyè, kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn.

Lubabah já a. Oòrùn pa á, kò kúrò.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún gbé ọkọ̀ náà dé.

"Kí ló ń dún?" Abdulkabir bi í.

"Kò dún."

"Kí wá lẹ gbé e wá ṣe?"

"Ẹ bá mi wò ó bóyá á dún."

Ó wò ó fún wákàtí kan. Kò dún.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lubabah a máa mú ọsàn wá nírọ̀lẹ́. Wọ́n á jọ jókòó sórí táyà, á bó o, á sì fi í sí ọkùnrin náà lẹ́nu, nítorí gíríìsì kún ọwọ́ tirẹ̀. Abdulkabir ń pè é ní Àbẹ̀ní. Lubabah ń pè é ní Ọ̀gá Jíà.

Àlàájì Láwàlì, bàbá Lubabah, ń ṣòwò aṣọ ní Kemta bí bàbá tirẹ̀ ti ṣe é. Kò fẹ́ mẹkáníìkì fún ọmọ rẹ̀. Ọdún kan gbáko ló fi kọ̀. Ọmọ náà kò yí padà. Níkẹyìn, ó ní òun á lọ wo ọkùnrin náà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbé ọkọ̀ ara rẹ̀ lọ lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó ní kó pààrọ̀ ọ́ìlì jíà rẹ̀.

Abdulkabir dọ̀bálẹ̀. Ó gbé àga síbi ibòji fún un.

"Bàbá, ẹ̀yin ló yẹ kí ẹ wá já kẹ́ẹ̀gì. Bí a ṣe ń ṣe níbí nìyẹn."

"Ṣé kí n máa ṣọ́ àna mi ni?" Àlàájì ní. "Máa ṣe é. Mo gbà ọ́ gbọ́."

Àna ló pè é. Abdulkabir kò lè ní kí àgbà dìde sínú oòrùn lẹ́yìn ìyẹn. Ìrun Jímọ̀ sì ti kù díẹ̀, kò fẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀. Kò lọ ra tuntun. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì kan tó ti wà ní ṣíṣí lórí pẹpẹ, ó da ọ́ìlì inú rẹ̀ sí jíà náà. Pupa ni, bíi ti èyí tó yẹ. Irú jíà mìíràn ni wọ́n ṣe é fún, kò sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí Àlàájì tó kúrò níbẹ̀, ó ti dá ọjọ́ tí wọ́n máa so yìgì. Oṣù méjì sí i.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Àlàájì àti Sìlífátù ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Wásinmi. Ọkọ̀ náà dúró láàárín títì. Ẹ́ńjìnnì ń dún, jíà kò gbé e. Típà kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò rí búrékì mú. Ẹ̀yìn ni Sìlífátù jókòó sí. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ṣẹ́ níbi méjì.

Awakọ̀ típà ni gbogbo èèyàn bú. Wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà wá sọ́dọ̀ Abdulkabir. Lubabah dúró tì í bó ṣe ń tú jíà palẹ̀. Abdulkabir wo ọ́ìlì náà. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó gbójú sókè wo pẹpẹ, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Kí ló dé?"

"Èmi ni."

"Ìwọ báwo?"

Ó sọ fún un. Lubabah bojú wẹ̀yìn.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Àwa méjèèjì."

"Kó parí síbẹ̀. Típà ló gbá wọn. Kì í ṣe irọ́."

"Kì í ṣe irọ́. Kí ló dá wọn dúró síwájú típà?"

"Ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún, Abdulkabir. Bí o bá sọ ọ́, bàbá mi ò ní fi mí fún ọ."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀, o sì fẹ́ sọ ọ́."

"Bí mo bá fi í pamọ́ fún wọn, Àbẹ̀ní, ọjọ́ wo ni ìwọ náà á tún gba ohun tí mo bá sọ gbọ́?"

"Má pè mí ní Àbẹ̀ní," ó ní. Ó sì lọ.

Abdulkabir lọ sọ ọ́ ní ọsibítù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Sìlífátù. Àlàájì gbọ́ ọ tán. Kò pariwo.

"Dìde," ó ní. "Máa lọ."

Kò sí ẹni tó tún dárúkọ yìgì.

Ẹsẹ̀ náà jinná, ṣùgbọ́n ó wọ́. Sìlífátù kò lè lóṣòó ti ìkòkò aró mọ́. Àwọn ìkòkò náà gbẹ. Lubabah bẹ̀rẹ̀ sí í ra àdìrẹ lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn tà. Oṣù mẹ́sàn-án ni kò fi dé Ṣàpọ́n.

Ọkùnrin kan tó ń ta kápẹ́ẹ̀tì wá tọrọ rẹ̀. Àlàájì fara mọ́ ọn. Lubabah kọ̀.

"Kí ló ṣe é?" bàbá rẹ̀ bi í.

"Gbogbo ohun tí mo bá sọ ló ń gbà fún mi. Mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá Abdulkabir níbi iṣẹ́. Ọkùnrin náà ti rù.

"Ṣé ọlọ́kọ̀ ṣì ń já kẹ́ẹ̀gì níbí?"

"Ẹni yòówù tó bá jẹ́."

"Kódà kó jẹ́ ọba?"

"Á bọ́ sí oòrùn."

Lubabah fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rín in. "Mo ṣì ń bínú sí ọ."

"Mo mọ̀."

"Ó lè má tán o."

"Kó má tán. Wá máa bínú lọ́dọ̀ mi."

Àlùfáà ní òun ò ní so yìgì láìsí àṣẹ bàbá tó wà láàyè. Lubabah lọ kúnlẹ̀ níwájú Àlàájì. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń kúnlẹ̀ láràárọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, Àlàájì pe Abdulbaqi àbúrò rẹ̀, ó sì pe ẹlẹ́rìí méjì.

"Dúró dípò mi, kí o fi í fún un," ó ní. "Olóòótọ́ ni. Mi ò lè sọ pé kò tó ọkọ. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ rí i. Yàtọ̀ sí ìwọ, ẹnikẹ́ni nínú ilé mi ò gbọdọ̀ lọ."

Abdulbaqi yíjú sí ìyá ọmọ.

"Màá ṣàdúà fún un níbí," Sìlífátù ní. Ó ń fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀. "Mi ò lè jókòó kí n máa wo ọkùnrin yẹn."

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n so yìgì, ní mọ́sálásí kékeré kan lẹ́yìn Ṣàpọ́n. Lubabah wọ àdìrẹ tó rà lọ́jà. Abdulbaqi fa ọmọ fọ́kọ, àlùfáà ṣàdúà, ó parí. Abdulkabir di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú.

Ogójì abọ́ ìrẹsì ni wọ́n bù sílẹ̀ fún ẹbí ìyàwó. Abdulbaqi jẹ ọ̀kan. Mọ́kàndínlógójì ló ṣẹ́ kù.