Ìdajì Ihò àti Omi Búlúù

Bọ́ọ̀dù iná kékeré kan tó jóná ló gbé Adémúyìwá dé ọ̀dọ̀ mi. Inú pọ́ǹpù sólà tó ń fa omi sí oko kòkó rẹ̀ ní Ọ̀rà ló ti tú u, ó wá dì í sínú láílọ́ọ̀nù búrẹ́dì. Wọ́n ti sọ fún un pé ọmọbìnrin kan wà ní Ìlá, Sẹ̀gilọlá lorúkọ rẹ̀, tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe irú ẹ̀. Èmi nìyẹn.

"Ẹ kú iṣẹ́, àǹtí," ó wí. "Kí ló jẹ etí ẹ̀ báyìí? Àbí eku ni?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìdajì ihò wẹ́wẹ́ ló yí etí bọ́ọ̀dù náà ká, bàbà sì tẹ́ inú wọn. Mo sọ fún un pé eku kọ́. Ibẹ̀ la ti ń fi lẹ́ẹ̀dì tí a yọ́ lẹ bọ́ọ̀dù kékeré mọ́ ńlá, kí iná lè gba inú ọ̀kan bọ́ sí ìkejì.

"Ẹ ò ṣe kúkú gé ìdajì náà látìbẹ̀rẹ̀?"

"Bàbà á bo gbogbo etí ẹ̀ pátá, ihò kan á kan ìkejì, iná á sì ṣìnà. Odindi ihò la kọ́kọ́ ń lu. A ó fi èédú pa inú ẹ̀, a ó rì í sínú omi búlúù tó ní bàbà nínú, a ó wá fi iná bátìrì sí i kí bàbà lè hù síbẹ̀. Ìgbà tó bá ki tán la tó ń la ihò láàárín."

Ibi lílà yẹn lẹ̀rù ti máa ń bà mí jù. Bí abẹ ẹ̀rọ bá ń wọlé, á ti bàbà mọ́ ògiri ihò. Bó bá ń jáde, á fà á ya. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gé apá kan, kí n dojú bọ́ọ̀dù dé, kí n tó gé apá kejì.

Ó ń wá wò mí lẹ́nu iṣẹ́ lemọ́lemọ́. Lọ́jọ́ kan, ó di ọwọ́ mi mú. "Sẹ̀gi mi, bó o ṣe ń bá bàbà yìí ṣe jẹ́jẹ́, ṣé wàá bá èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀?"

Mo ní màá rò ó. Irọ́ ni, mo ti rò ó tán.

Ṣùgbọ́n Màmá Ìyádùnní, ìyá rẹ̀, ò fẹ́ gbọ́ orúkọ mi. Ọkọ wọn lọ fín kòkó lọ́jọ́ kan, oògùn dà sí i lára, ilẹ̀ ò mọ́ bá a. Látìgbà náà, ohunkóhun tó bá ti jọ oògùn oko, wọn ò fẹ́ rí i. "Obìnrin tó ń fọwọ́ po májèlé," wọ́n ní, "ṣé ó máa lè gbọ́mọ pọ̀n?" Kí n fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, tàbí kí n fi ọmọ wọn sílẹ̀.

Mi ò fẹ́ fi ìkankan sílẹ̀. Múyìwá bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà láti wá fojú ara wọn rí mi.

"Jọ̀ọ́, má fi omi yẹn hàn wọ́n," ó ní. "Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi pamọ́."

Lọ́jọ́ náà, mo rì bọ́ọ̀dù sínú ike omi búlúù, mo tilẹ̀kùn, mo sáré lọ ra ẹran. Múyìwá ní kọ́kọ́rọ́. Ó ṣáájú ìyá rẹ̀ dé, ó rí omi búlúù náà, ó sì rò pé òun mọ̀ ọ́n. Ọmọ oko kòkó ni. Irú oògùn búlúù yẹn ni wọ́n ń pò fín kòkó nígbà òjò, ọwọ́ lásán ni wọ́n sì fi ń gbé e. Kò mọ̀ pé asíìdì bátìrì wà nínú tèmi. Ó gbé ike náà, ó fẹ́ lọ dà á sẹ́yìnkùlé kí ìyá rẹ̀ má bàa rí i.

Ojú ọ̀nà ni mo ti gbọ́ igbe. "Sẹ̀gi! Ojú mi!"

Mo bá a lórí ìkúnlẹ̀. Omi náà ti ta sí i lójú. Mo wọ́ ọ dé ìdí dúrọ́ọ̀mù omi, mo fi ìka la ìpéǹpéjú rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í da omi sí i.

"Mi ò ríran mọ́."

"Wàá ríran. Má dijú, ọkọ mi, jọ̀ọ́, má dijú."

Ọ̀kadà kan dúró. Màmá Ìyádùnní sọ̀ kalẹ̀, wọ́n rí ọmọ wọn nílẹ̀, wọ́n rí omi búlúù. "Mo gbé ò! Wọ́n ti tún pa èkejì fún mi!" Wọ́n já wọ ilé ìdáná mi, wọ́n gbé ìgò epo pupa jáde. "Kúrò níbẹ̀, kí n fi epo sí i lójú!"

Mi ò jágbe mọ́ àgbà rí láyé mi. Mo fi ẹ̀yìn dí wọn. "Rárá, Mà! Epo kọ́! Omi ni! Ẹ bá mi bu omi, ẹ má dúró!"

Wọ́n wò mí. Mo rò pé wọ́n máa gbá mi létí. Wọ́n gbé epo sílẹ̀, wọ́n sì bu omi. A dà á títí dúrọ́ọ̀mù fi gbẹ, ká tó gbé e lọ sí ọsibítù. Àwọn bọ́ọ̀dù mi fọ́n ká ilẹ̀, mi ò bojú wẹ̀yìn.

Dókítà ní ojú náà á pọ́n fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n á ríran. Ó ní omi tí a tètè dà sí i ló yọ ọ́. Mo bú sẹ́kún. Màmá ò sunkún. Wọ́n jókòó tì mí lórí bẹ́ńṣì, ìró wọn tutù rinrin.

"Epo ni mo fún bàbá Múyìwá mu," wọ́n ní. "Òtútù ń mú un, mo wá da aṣọ tó nípọn bò ó, tòun ti ẹ̀wù oko tó rin fún oògùn lọ́rùn. Mi ò bọ́ ẹ̀wù náà. Mi ò wẹ̀ ẹ́."

Mi ò lè wojú wọn.

"Ṣé ká ní mo da omi sí i lára ni…"

Ẹ̀rù tó bà mí nígbà yẹn ju èyí tó bà mí nígbà tí Múyìwá ń ké lọ. "Mi ò mọ̀, Mà."

Wọ́n yíjú sí mi.

"O mọ̀. Àánú mi ló ṣe ẹ́." Wọ́n fi etí ìró wọn nu ojú mi. "Dìde, ìyàwó mi. Lọ jókòó ti ọkọ ẹ."