Ẹ̀rọ Ẹ̀yìn Kò Jẹ́

"Abẹ́rẹ́, ṣé o ti so wọ́n pọ̀ tán?" Bàbá rẹ̀ yọrí lójú fèrèsé ẹ̀rọ iwájú.

Abẹ́rẹ́ ni gbogbo ọgbà ọkọ̀ ojú irin ń pe ọmọ náà, torí ó tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ sì mú. Lọ́jọ́ náà, bàbá rẹ̀ fẹ́ wa ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ méjì fún àwọn àlejò wò. Láti iwájú ni awakọ̀ kan ti ń darí méjèèjì: wáyà ló ń gbé àṣẹ ìsáré lọ sẹ́yìn, rọ́bà afẹ́fẹ́ ló ń gbé ti bíréèkì. Ẹni tó bá so wọ́n gbọ́dọ̀ lọ sẹ́yìn, kó fojú ara rẹ̀ rí i pé bíréèkì ibẹ̀ di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú, kó tó kígbe pé ó jẹ́, ìyẹn ni pé ẹ̀rọ ẹ̀yìn ń gbọ́ àṣẹ iwájú.

Abẹ́rẹ́ so wáyà, ó so rọ́bà, ṣùgbọ́n kò rántí ṣí ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń juwọ́ sí i pé kó wá ya fọ́tò. Ó rò ó lọ́kàn pé, ìgbà wo ni kò jẹ́ rí?

"Ó ti jẹ́, Bàámi," ó ní, ó sì sáré lọ bá wọn.

Ọkọ̀ gbéra. Níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́, bàbá rẹ̀ fa bíréèkì. Ti iwájú mú, ti ẹ̀yìn kò mú, ẹ̀rọ ẹ̀yìn kàn ń ti èyí tó wà níwájú lọ ni. Bàbá náà kò bẹ́ sílẹ̀. Ó ń fun fèrè kí àwọn èèyàn lè sá kúrò lọ́nà, títí ọkọ̀ fi lọ kọ lu ògiri ìparí ọ̀nà. Bàbá náà kò dé ilé ìwòsàn tó fi kú.

Àwọn tó wá kí wọn nílé ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé ojú bàbá ti ń ṣe bàìbàì. Àwọn ọ̀rẹ́ Abẹ́rẹ́ ní, "Panu mọ́. Ta ló máa mọ̀?"

Kò lè pa á mọ́. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, níbi tí ìyẹn ti ń ká aṣọ iṣẹ́ olóògbé.

"Màámi, kì í ṣe ojú wọn. Èmi ni mo ní ó jẹ́. Mi ò dé ẹ̀yìn rárá."

Ìyá gbé aṣọ náà sílẹ̀. "Bàbá rẹ ò bi ọ́ lẹ́ẹ̀kejì?"

"Wọn ò bi mí, mà."

"Kí ni wọ́n á tún bi ọ́ sí? Ṣebí ọmọ wọn ni ọ́." Ìyá bú sẹ́kún.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí ẹ ò bá fojú rí, ẹ má sọ pé ẹ rí i, pàápàá fún ẹni tó fọkàn tán yín.