Èèwọ̀ Ọkọ̀ Babárìndé

Ọ̀rẹ́ mi, bóyá nínú ọjà tàbí ní gáréèjì ni wọ́n ti fi ìwé kékeré yìí lé ọ lọ́wọ́, tí o sì ti ń wò ó pé yóò dára láti fi di ẹ̀pà. Jọ̀wọ́, kà á tán ná. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ará Ọ̀kà ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá fara balẹ̀, o lè bá ara rẹ pàdé níbẹ̀.

Babárìndé ni orúkọ rẹ̀. Kòkó ló ń rà káàkiri Àkókó, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìkàrẹ́. Ní ọdún 1954, òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ta ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan fún un. Ọkọ̀ pupa ni, irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń bá ara wọn sá eré ìje. Kò ní òrùlé àfi tapólì kan tó ti ya, ó sì rẹlẹ̀ débi pé ẹni tó bá jókòó sínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ kan ilẹ̀. Àyè ẹni méjì péré ló wà níbẹ̀.

Ọkọ̀ náà ti gbó kó tó bọ́ sọ́wọ́ Babárìndé. Bí ó bá ń gun òkè Ọ̀kà, omi inú ẹ́ńjìnì á hó, yóò dúró, yóò sì máa fi agbè bomi sí i. Bí òjò bá dé, òun àti aṣọ àrán rẹ̀ á jọ rin gbingbin. Òkúta ojú ọ̀nà ń ha ọkọ̀ náà nísàlẹ̀. Kì í sì í jí láàárọ̀ àfi bí a bá tì í. Nítorí náà, orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú ilé ló máa ń gbé e sí, á fi òkúta dá táyà dúró. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á yọ òkúta, ọkọ̀ á yí lọ fúnra rẹ̀, ẹ́ńjìnì á sì gbà.

Síbẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ, ọkọ̀ náà dára. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí rí i lọ́jọ́ kan ní Ìkàrẹ́, mo sì dúró wò ó. Bí ẹ́ńjìnì bá ti ń bú, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí Babárìndé lójú, tí àwọn ènìyàn ń sá jáde wá wòran, orí rẹ̀ á wú. Ó ti di ẹni tí kì í dá ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lóhùn.

Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni o. Kì í pa ìkórè jẹ, ibi tí gbogbo ìjọ yóò ti rí ọkọ̀ rẹ̀ ló sì máa ń gbé e sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí bíréèkì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, tó jẹ́ pé ó ní láti tẹ̀ ẹ́ léraléra kó tó mú, kò gbé e lọ fún mẹkáníìkì. Ọ̀dọ̀ olóògùn kan lọ́nà Àjọwá ló gbà lọ. Ìyẹn ṣe òǹdè kan fún un, ó fi awọ dì í, ó ní kó so ó mọ́ abẹ́ ọwọ́ tó fi ń darí ọkọ̀, ó kọ́ ọ ní ọfọ̀ kan, ó ní ọkọ̀ náà kò ní dànù láé. Èèwọ̀ kan ṣoṣo ló fi lé e: aboyún kò gbọ́dọ̀ jókòó sínú ọkọ̀ náà.

Babárìndé rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́, nítorí kò sí oyún nílé rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí òun àti Mọ́júbọ́lá, ìyàwó rẹ̀, ti ń wojú Olúwa fún ọmọ. Kò pẹ́ sígbà náà ni Mọ́júbọ́lá fẹ́ra kù. Ayọ̀ wọ ilé wọn, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni obìnrin yìí kò ti wọ ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ mọ́. Òun ti oyún rẹ̀ á máa fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà, ọkọ rẹ̀ á sì máa fi fèrè ọkọ̀ kí i bí ó bá ń kọjá.

Babárìndé ní ọ̀rẹ́ kan, Samuel, tó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Wọ́n jọ mu ẹmu nígbà èwe, kí Kristi tó gba Samuel lọ́wọ́ ẹmu. Samuel bá a sọ̀rọ̀ pé ohun tó bá ní òun ń ṣọ́ni, tó wá ń lé ìyàwó ẹni sẹ́yìn, ọ̀gá ló jẹ́, kì í ṣe olùṣọ́. Ó rọ̀ ọ́ kó já a dànù, kó fi ara rẹ̀ fún Jésù tọkàntọkàn. Babárìndé ní ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yàtọ̀, ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà yàtọ̀. Ó kọ etí ikún sí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lásìkò òjò, ìrọbí mú Mọ́júbọ́lá. Ọmọ kọ̀, kò wálẹ̀. Ìyá Àwẹ̀ró, agbẹ̀bí àdúgbò, jáde síta, ó sọ fún Babárìndé pé ọmọ náà dábùú, pé ọ̀rọ̀ náà ti ju agbára òun lọ, kó gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìkàrẹ́ lójú ẹsẹ̀. Gbogbo lọ́rì ti lọ sọ́jà láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Ọkọ̀ pupa nìkan ló wà nílẹ̀.

Ọkùnrin náà dúró, òógùn bò ó. Nígbà tó yá, ó ní òun yóò sáré lọ sí Ìkàrẹ́ láti wá lọ́rì wá.

Ìyá Àwẹ̀ró wò ó. "Lọ́rì kẹ̀? Èyí tó wà nílẹ̀ yìí ńkọ́?"

"Ìyá, ó ní èèwọ̀."

"Ìyàwó rẹ ló ń kú lọ yìí, Babárìndé. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran."

"Bí oògùn yẹn bá bàjẹ́, àwa méjèèjì la máa kú sójú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ n lọ, mi ò ní pẹ́."

Mọ́júbọ́lá ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú yàrá. Ó gbọ́ nígbà tí ọkọ rẹ̀ yọ òkúta, tí ẹ́ńjìnì gbà, tó sì lọ.

Má tíì bínú sí i, ìwọ tí ò ń kàwé yìí. Ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀. Èyí gan-an ló ń bà mí nínú jẹ́. Ohun tí ènìyàn bá fi ara rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, òun ni yóò máa pàṣẹ fún un, títí kan orí ẹni tó fẹ́ràn jù.

Níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́ kúrò ní Ọ̀kà, ó tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wọlẹ̀ láìbá nǹkan kan pàdé. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó di òǹdè mú, ó pe ọfọ̀ tí olóògùn kọ́ ọ. Ọkọ̀ ń sáré sí i. Ó yà kúrò lójú ọ̀nà, ó forí sọ àpáta, ó dojú dé sínú kòtò, ó sì gbọn Babárìndé dànù sínú ẹrẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kán. Kò sì sí aboyún kankan nínú ọkọ̀ náà.

Ó nà sílẹ̀ níbẹ̀, kò lè dìde. Ó ronú kan Mọ́júbọ́lá tó ń retí lọ́rì. Ó fẹ́ gbàdúrà, ṣùgbọ́n ọfọ̀ yẹn nìkan ló ń wá sí i lẹ́nu. Ẹ̀rù tó bà á nígbà náà ju ti ikú lọ.

Níkẹyìn ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Nígbà tí Samuel gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kò dúró de lọ́rì. Ó ti yọ ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀, ó tẹ́ Mọ́júbọ́lá lé e, òun àti Àmúsà, aládùúgbò wọn tó jẹ́ Mùsùlùmí, pẹ̀lú àwọn ọkùnrin mìíràn sì gbé e lérí, wọ́n ń sáré lọ sí Ìkàrẹ́. Nígbà tí wọ́n rí ọkọ̀ nínú kòtò, Samuel àti Àmúsà fi àyè wọn fún àwọn ẹlòmíràn, wọ́n sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ fi mí sílẹ̀," ni Babárìndé wí. "Ẹ gbé e lọ."

"Wọ́n ń gbé e lọ. Mo fẹ́ bá wọn, ṣùgbọ́n mi ò lè kọjá láìbá ọ sọ ọ̀rọ̀ yìí. Jésù kò ní èèwọ̀ tó lè lé ọ sẹ́yìn. Ké pè é nínú ẹrẹ̀ yìí."

"Lẹ́yìn ohun tí mo ṣe?"

"Nítorí ohun tí o ṣe gan-an ni Jésù fi kú."

Babárìndé sunkún bí ọmọdé. Ó ní, "Olúwa, ìkà ni mí. Ṣàánú mi." Kò mọ àdúrà mìíràn. Samuel ní kí Àmúsà dúró tì í, ó sì sáré tẹ̀lé àwọn tó kù.

Wọ́n gba ẹ̀mí Mọ́júbọ́lá là nílé ìwòsàn. Ọmọkùnrin ni ọmọ náà, ó ti kú sínú. Dókítà ní kò tíì pẹ́ tó kú.

Nígbà tí wọ́n gbé Babárìndé dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ìyàwó rẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní Olúwa ti gba òun là lójú ọ̀nà, ó sì bẹ̀ ẹ́.

"Mo gbọ́ nígbà tí ọkọ̀ lọ," ni Mọ́júbọ́lá wí. "Àyè kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ."

Ó yíjú sí ògiri.

"Bí Ọlọ́run bá ti dárí jì ọ́, ó dáa. Kó ran èmi náà lọ́wọ́."

Ọlọ́run ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́jọ́ kan.

Ọ̀rẹ́ mi, mo mọ Babárìndé. Ó ń tiro, ó sì ń yin Olúwa. Ṣùgbọ́n ó sọ fún mi pé ohun kan kì í jẹ́ kí òun sùn dáadáa. Jésù tó gbọ́ igbe òun nínú kòtò, òun kan náà ni Samuel fi lọ òun nígbà tí ọmọ òun ṣì ń tàpá nínú ìyá rẹ̀. Kò sí ohun tó dá Olúwa dúró nígbà náà. Babárìndé fúnra rẹ̀ ló ní kó dúró.

Ìwọ ńkọ́? Kí ni o so mọ́ ara, tàbí tí o rì mọ́ ẹnu ọ̀nà, tí ò ń sìn ju Ẹlẹ́dàá rẹ lọ? Ó lè jẹ́ oògùn, ó lè jẹ́ ìgò ọtí, ó lè jẹ́ iyì lásán. Ta ni ò ń fi sílẹ̀ nítorí rẹ̀? Má ṣe sọ pé di ọjọ́ ìkórè, tàbí pé di ìgbà tí ara bá rọ̀ ọ́. Ìdáríjì Ọlọ́run kì í tán, ṣùgbọ́n àwọn ohun kan wà tí ìdáríjì kì í dá padà. Ibi tí o ti ń ka ìwé yìí tó ibi tí ènìyàn lè kúnlẹ̀ sí. Kúnlẹ̀ lónìí, nígbà tí àwọn tí o fẹ́ràn ṣì ń mí.