Ohun tí Fúnmi Gbé Bọ̀ láti Àbújá

Ìgbéyàwó Fúnmi ku ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tó kú ní ìlú Iyara, ní ìdájí ọjọ́ Àìkú. Ó dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní òun ò rí èémí mí, ló bá ṣubú lé Martha, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, lọ́wọ́. Martha ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀. Martha fúnra rẹ̀ kò bímọ rí, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń tìtorí èyí wò ó tìfura-tìfura.

Ẹyẹ kan ti ké lórí òrùlé ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Àwọn ará ilé ò wá ẹ̀rí mìíràn lọ. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?

"Ẹ̀yin nìkan lẹ wà nínú yàrá yẹn pẹ̀lú rẹ̀," ni Godwin, bàbá Fúnmi, wí. "Ẹ tilẹ̀kùn mọ́ mi. Àìsàn wo lẹ ń tọ́jú tí bàbá ọmọ ò gbọdọ̀ mọ̀?"

Fúnmi ti bẹ Martha kó má sọ fẹ́nì kankan pé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún òun ní Àbújá, pé wọ́n fa ọ̀rá ikùn òun jáde kí aṣọ ìgbéyàwó lè bá òun mu. Martha kò fẹ́ kí wọ́n máa fi òkú ọmọ tó tọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ láàrin ìlú.

"Ẹ kẹ́rù yín," ni Godwin wí. "Mi ò fẹ́ rí yín létí sàréè ọmọ mi."

Martha ti ń di aṣọ sínú àpò nígbà tí Ìdùnnú, ọ̀rẹ́ tó bá Fúnmi lọ sí Àbújá, wọlé.

"Okun o, Bàbá," ló fi kí Godwin, ó sì kúnlẹ̀. Ẹkún ló fi sọ gbogbo rẹ̀. "Dókítà kìlọ̀ fún wa pé ẹ̀jẹ̀ lè dì sí i lẹ́sẹ̀, kó sì gòkè lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Ó ní bẹ́sẹ̀ bá wú, kí a má fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kí a gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá. Fúnmi ní òun ti gbọ́."

Godwin dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Martha. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ forí jì mí. Ẹ̀yin kọ́ lẹ pa á."

Ìbànújẹ́ gbé Martha mì. Láti Ọjọ́bọ̀ ni ẹsẹ̀ òsì ọmọ náà ti wú. Ohun tó máa ń ṣe fún gbogbo ìyá ọlọ́mọ tuntun nínú ilé yẹn ló ṣe: ó gbé omi kaná, ó fi òrí pa ẹsẹ̀ náà, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ tàárọ̀-talẹ́. Ó dun Fúnmi, síbẹ̀ ó ní, "Màmá, ẹ tún bá mi tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i."

"Dìde, Godwin," ni Martha wí, ó sì gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká. "Jẹ́ kí n máa lọ."