Ibùsùn Tí Kò Gba Ọ̀rọ̀

Ibùsùn-aṣòfin da Màmá Àwẹ̀ró sílẹ̀ bí ẹni da omi ìfọṣọ nù. Kí ló ṣe? Ó lajú sílẹ̀ lórí rẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Ní Ìlú Òfurufú, tó ń yí ayé po bí eṣinṣin ṣe ń yí egbò po, ìyẹn ti di ọ̀ràn fún ẹni tó bá ti lé ní àádọ́rin ọdún.

Mojírọ̀lá, ọmọ bíbí inú rẹ̀, ló ṣe ibùsùn náà. Dókítà oorun ni. Ó ní oògùn oorun ń ba ọpọlọ àgbà jẹ́, ìwà ni kí wọ́n tún ṣe: kò sí oorun ọ̀sán, kò sí dídùbúlẹ̀ bí oorun ò bá tíì kunni, aago mẹ́fà ni jíjí, ibùsùn ò sì wà fún nǹkan míì ju oorun lọ. Ọgbọ́n gidi ni, ká má parọ́. Àmọ́ irin ló gbé ọgbọ́n náà fún. Ẹni tó bá lajú sílẹ̀ pẹ́, tó bá ń yí kiri tàbí tó bá sọ̀rọ̀, ibùsùn á dà á nù, iná pupa á sì tàn lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kí gbogbo àdúgbò lè rí i. Ó fẹ́ kó máa ka èémí pẹ̀lú, àwọn àgbà fárí gá, wọ́n ní ta ló ń retí ikú àwọn tó fẹ́ máa ka èémí àwọn. Ó bá yọ ọ́ kúrò.

Bàbá Lásúnkànmí, ọkọ Màmá, yọ ṣùtì. Láti àádọ́ta ọdún, orí ibùsùn ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ti ń jíròrò.

“Mojí, ibi tá a ti lóyún rẹ lo wá fòfin dè?”

“Bàbá, ẹ dákun, ẹ ṣáà sùn nítorí mi. Ọjọ́ Ẹtì ni ìgbìmọ̀ ìlú máa dìbò lórí ibùsùn yìí. Bí iná pupa bá tún tàn nílé tiyín, wọ́n á dá mi padà sáyé.”

Kí ni òbí ò ní ṣe nítorí ọmọ? Wọ́n kọ́ irọ́. Wọ́n á dijú, wọ́n á dákẹ́ bí igi ìdáná títí ilẹ̀ á fi mọ́. Gbogbo àgbà ìlú ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kójú má baà ti ọmọ wọn. Tó bá di ọ̀sán, wọ́n á máa tòògbé sínú àwo ẹ̀kọ, itọ́ á máa dà, àwọn ìgbìmọ̀ á ní ara wọn ti balẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ń rí Màmá lára.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ìgbìmọ̀ ti wọ yàrá wọn kí aago mẹ́fà tó lù, àwọn àti Mojírọ̀lá àti ayàwòrán mẹ́ta. Àbájáde yọ lára ògiri. Olórí wọn, ọkùnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ ohun olóhun, kà á sókè: Bàbá Lásúnkànmí, wákàtí méje, kò yí, kò sọ̀rọ̀. Ipò kìíní ní gbogbo Òfurufú. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Aago lù. Ibùsùn gbéra. Màmá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Bàbá yọ̀ wálẹ̀ bí àpò gààrí, kò nawọ́ gbára rẹ̀. Ayàwòrán kan ṣì ń yàwòrán.

Mojírọ̀lá kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kan ọrùn bàbá rẹ̀. Ó ti tutù tipẹ́.

“Màmá, ṣé ẹ ò mọ nǹkan kan ni?”

Màmá Àwẹ̀ró wo àwọn tó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan.

“Ó fún mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì lóru. Mo mọ̀ pé kì í ṣe eré. Ṣùgbọ́n bí mo bá lanu, iná á tàn.”

“Kí lẹ wá ṣe, mà?”

“Mo sùn nítorí rẹ.”