Ẹwìrì Tí Àtọ́kẹ́ Rán

Inú ń bí Abigail lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí Yésúfù. Bàbá rẹ̀, Olúbọ̀dé, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ní Igando, ti ní kí àwọn tó ń ṣa àlòkù wá gbé dùùrù àtijọ́ tó wà ní pálọ̀ lọ. Ó ní kò dún mọ́, àyè lásán ló ń gbà. Abigail kò gbà. Ó háyà ọkọ̀, ó sì gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Yésúfù ní Ìkòtún, níbi tí wọ́n ti ń tún ohun èlò orin ṣe.

Dùùrù yìí kì í lo iná. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Ẹwìrì awọ á fẹ́ atẹ́gùn sára àwọn ahọ́n idẹ inú rẹ̀, wọn á sì dún.

Yésúfù ṣí i, ó wò ó títí. Òkè òkun ni wọ́n ti ń ṣe irú rẹ̀, ṣùgbọ́n igi ìrókò ni wọ́n fi ṣe eléyìí.

"Ta ló ṣe é?"

"Bàbá-ńlá wa, Akínlẹ́yẹ. Káfíńtà ni, l'Óǹdó."

Ẹwìrì náà ti ya, iṣẹ́ rẹ̀ sì pẹ́. Abigail ń yà síbẹ̀ bó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Kí wọ́n tó mọ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí dùùrù. Yésúfù kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti pè é ní "Adùnní mi", àárẹ̀ ọjọ́ náà á tán lára Abigail.

Nígbà tí Abigail mú un lọ sílé pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ, Bàbá kí i dáadáa, ó fún un lómi, ó sì ní kò lè ṣeé ṣe. Ó ní láti ìgbà Akínlẹ́yẹ, Mùsùlùmí kò wọ ìdílé àwọn rí. Ìyá Yésúfù náà, ní Shasha, ní bí ìyàwó kò bá ní kírun, òun kò ní bá wọn dé ibi ìgbéyàwó.

Yésúfù ní bóyá kí àwọn ṣì fà sẹ́yìn díẹ̀.

"Mi ò ní fi ẹ́ sílẹ̀," Abigail dá a lóhùn. "Mi ò sì ní kí o kúrò nínú ẹ̀sìn rẹ. Ìwọ ṣá má sá."

Bí wọ́n ṣe rán awọ ẹwìrì náà kò yé Yésúfù. Abigail bá lọ sí Oǹdó lọ bi Màmá Olúrẹ̀mí, ọmọ Akínlẹ́yẹ kan ṣoṣo tó kù láyé. Màmá sọ fún un pé ikán ló jẹ dùùrù òyìnbó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Akínlẹ́yẹ tọrọ òkú rẹ̀, ó tú u palẹ̀, ó sì ń wò ó ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹwìrì kò yéé jò, àfi ìgbà tí Àtọ́kẹ́ ìyàwó rẹ̀, ọmọ oníṣẹ́ awọ, gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá mi rán an tán, ó ṣe àlùwàlá, ó kírun," Màmá ní. "Ràbíátù lorúkọ rẹ̀. Oríkì ni Àtọ́kẹ́ tí gbogbo yín mọ̀ ọ́n sí."

"Bàbá-ńlá wa ńkọ́, mà?"

"Bàbá mi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é tí wọ́n fi kú."

Màmá fi bí ìyá rẹ̀ ṣe rán awọ náà han Abigail, kí Yésúfù lè parí iṣẹ́ rẹ̀. Abigail gba ohùn Màmá sínú fóònù, ó gbé e fún Bàbá gbọ́. Bàbá ní kó tún un gbé sí i. Ó ní òun rántí pé ìyá àgbà kì í jẹun ọ̀sán nígbà mìíràn. Òun rò pé ara rẹ̀ ni kò yá. Síbẹ̀, ó ní ẹ̀rù àwọn ọmọ tí wọn yóò bí ń ba òun.

"Bàbá mi, ọmọ-ọmọ Ràbíátù lẹ̀yin náà," Abigail ní. "Ṣé ẹ bàjẹ́ ni?"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bàbá wọ aṣọ, ó sì lọ bá ìyá Yésúfù ní Shasha fúnra rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀ kó tó padà, ó sì ní òun ti gbà.

Kóòtù ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀. Ìyá Yésúfù wá. Kò rẹ́rìn-ín títí Abigail fi wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó wo ọmọbìnrin náà lójú, ó wá sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí bẹ́ǹṣì.

"Dìde, ìyàwó mi," ó ní. "O ti dúró ti ọmọ mi tó. Wá jókòó tì mí."