Ọ̀gá Tí Ó Ń Ka Ọ̀rọ̀ Tí Kì Í Ṣe Tirẹ̀

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dán fóònù wò kí wọ́n tó tà á. Ó gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan sí àárín fóònù ìdánwò àti ayélujára. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí fóònù bá fi ránṣẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, ó sì ń kà á. Fóònù kò mọ̀. Iṣẹ́ tí ó tọ́ ni, bí ó bá mọ sórí fóònù ìdánwò.

Ṣùgbọ́n ìgbéraga kì í mọ ààlà. Bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi wo fóònù mi," á tún un ṣe, á sì fi àṣẹ kan pamọ́ sínú rẹ̀ tí yóò mú kí fóònù náà gba ẹ̀rọ rẹ̀ gbọ́, kí òun náà lè máa ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ó fẹ́ mọ ẹni tí ó ń bú òun.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin wà ní ọ́fíìsì kan náà. Ó tún fóònù tirẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ka ohun tí àbúrò rẹ̀ kọ sí dókítà: "Bí ojú òsì bá máa fọ́, kó fọ́. Ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ ń bà mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́."

Ó lọ bá a. "Àbúrò mi, ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí o, bọ̀ọ̀dá mi. Àfi ebi. Àbí ẹ fẹ́ ra oúnjẹ fún mi ni?" Ó rẹ́rìn-ín.

Bí ó bá sọ̀rọ̀, àṣírí tú. Bí ó bá dákẹ́, ojú fọ́. Ó mọ gbogbo rẹ̀, kò sì lè ṣe nǹkan kan.

Ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ó jẹ́ onígbàgbọ́.

"Ìwọ ọ̀dájú yìí!" ni ọ̀rẹ́ náà wí. "Ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn lo ń ṣọ́, tìrẹ sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọlọ́run ti rí gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, Ó rán Jésù láti dúró láàárín ìwọ àti ìdájọ́, Jésù sì kú níbẹ̀."

"Ṣé á dárí jì mí?"

"Á dárí jì ọ́. Ti àbúrò rẹ ni n kò mọ̀."

Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó sunkún, ó fi ayé rẹ̀ fún Kristi. Ó tú ẹ̀rọ náà palẹ̀. Ó jẹ́wọ́ fún àbúrò rẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gbà láti ṣe iṣẹ́ abẹ náà.

"Ẹ̀yin náà, bọ̀ọ̀dá?" Ó gbé báàgì rẹ̀. "Ẹ má dá ọ̀rọ̀ ojú mi sílẹ̀ mọ́ láé."

Ọlọ́run ti dárí jì í. Ṣùgbọ́n ojú àbúrò rẹ̀ ń kú lọ, kò sì ní ẹnu tí yóò fi bẹ̀ ẹ́.

Ìwọ ńkọ́? Má sọ fún mi pé ìwọ kò yọ́ ka ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ṣẹ̀ tí o fi pamọ́ ń jẹ ẹnì kan lára báyìí, o sì mọ orúkọ onítọ̀hún. Ronúpìwàdà lónìí. Ké pe Jésù níbi tí o jókòó sí; lẹ́yìn náà, dìde, lọ bá ẹni náà, nígbà tí ó ṣì fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ.